Kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tuntun kò sọ WAEC ọmọ yín di àlòkù

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé àtúnṣe kọ́ríkúlọ́ọ̀mù jáde lọ́dún 2025, ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràn-ìn ní ìpàdé òbí àti tíṣà ní Ìbàdàn, láti Mọ́níyà títí dé Apáta. Wọ́n ní WAEC ti yí pátápátá. Wọ́n ní ọmọ tó wà ní SS2 tàbí SS3 nígbà yẹn ti fi ọdún gbáko kọ́ ohun tí wọn kò ní bi í, àti pé ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbà kò ní tà mọ́ bó bá dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Àwọn òbí kan ti ń torí ẹ̀ sanwó lẹ́sìnnì tuntun.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó hun irọ́ náà o. Ìwé mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń fi orúkọ kan pè, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé.

Kọ́ríkúlọ́ọ̀mù ni ìwé àkọ́kọ́. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́, ló ń kọ ọ́, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọ, kíláàsì dé kíláàsì. Ìkejì ni scheme: ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, àwọn ará Sẹkitéríàtì Agodi nìyẹn, á gé kọ́ríkúlọ́ọ̀mù náà sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kí tíṣà lè mọ ohun tó kàn ní ọ̀sẹ̀ kẹta táàmù kejì. Ìkẹta ni sílábọ́ọ̀sì, ti WAEC àti NECO nìyẹn, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Sílábọ́ọ̀sì ló ń sọ orí ẹ̀kọ́ tí ìbéèrè lè ti jáde, iye pépà, iye wákàtí àti iye máàkì. Ẹ mú Ìṣirò ti WAEC. Pépà kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 ní wákàtí kan ààbọ̀. Pépà kejì jẹ́ ìbéèrè 13 ní wákàtí méjì ààbọ̀, mẹ́wàá ni ọmọ máa dáhùn: márùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ fò, máàkì 40, lẹ́yìn náà, márùn-ún tó bá wù ú nínú mẹ́jọ, máàkì 60. Ẹ lè tú kọ́ríkúlọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní rí èyí níbẹ̀.

NERDC ló ń se ọbẹ̀, WAEC ló ń tọ́ ọ wò, ẹni tó sì fẹ́ tọ́ ọ wò gbọ́dọ̀ dúró kó jinná. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá yí lónìí, ìkẹta kò lè yí lọ́la. Wọ́n á kọ́kọ́ fi kọ́ríkúlọ́ọ̀mù kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1, àwọn ọmọ náà á gòkè dé SS2, wọn á dé SS3, kí ìbéèrè tó wá láti inú rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ni wọ́n á tún sílábọ́ọ̀sì kọ, tí wọ́n á kọ ìbéèrè, tí wọ́n á sì fi í dán àwọn ọmọ kan wò kí wọ́n tó gbé e sínú ìdánwò gidi.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa yóò rántí 6-3-3-4, ètò pámárì ọdún mẹ́fà, JSS mẹ́ta, SS mẹ́ta àti yunifásítì mẹ́rin. Ọdún 1982 ni àwọn àkọ́kọ́ wọ JSS1, ṣùgbọ́n ọdún 1988 ni SSCE àkọ́kọ́, ìdánwò àṣejáde SS, wáyé, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn tí wọ́n ti wọ Form 1 lọ́dún 1981 kò já síta: WASC wọn àtijọ́ ni wọ́n fi parí Form 5 ní 1986, ìwé ẹ̀rí yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣiṣẹ́ ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà kejì ni September 2011, nígbà tí kọ́ríkúlọ́ọ̀mù SS gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọlé, tí Civic Education sì di dandan. Ọdún 2014 ni WAEC kọ́kọ́ ṣe ìdánwò lórí wọn. Àwọn ọmọ tó wà ní SS2 àti SS3 lọ́dún 2011 ṣe ti wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìṣirò kan náà ṣe ti ìsinsìnyí: ọmọ tó wọ SS1 ní September 2025, WAEC ọdún 2028 ni tirẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí WAEC lè yí bìrí. Ti Nàìjíríà nìkan kọ́. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ni í: àwa, Ghana, Sierra Leone, Gambia àti Liberia. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì jẹ́ àjọṣe gbogbo wọn. Ẹ ṣí sílábọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì, ẹ ó rí i pé wọ́n pín in: apá kan fún gbogbo ọmọ, apá kan fún Ghana nìkan, apá kan fún àwa àti àwọn mẹ́ta yòókù. Abuja nìkan kò lè dédé ju orí ẹ̀kọ́ kan síta nínú apá àjọṣe. Ibi tí ọwọ́ ìjọba wa ti lè tètè dé ni àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, irú bíi Civic àti iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń ka kẹ́mísírì ní SS2, kó máa ka kẹ́mísírì rẹ̀ lọ.

Ṣé kò wá sí ewu kankan ni? Ó wà, àmọ́ SS1 ló wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Iṣẹ́ ọwọ́ 34 ti di mẹ́fà nínú àtúnṣe tuntun: sólà, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Marketing àti Data Processing, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé mú lọ́jọ́sí nítorí pé ṣọ́ọ̀kì àti pátákó nìkan ni wọ́n ń ná, kò sí nínú wọn. Ilé-ìwé tó bá ṣì ń fi Marketing kọ́ ọmọ SS1 tuntun nítorí pé tíṣà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, inú SS3 ni àṣírí yóò tú, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ọmọ náà yóò wá fi oṣù díẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Èyí gan-an ló yẹ kí òbí máa pariwo lé lórí.

Àwọn tó bá sì mú iṣẹ́ tuntun, ẹ bi wọ́n léèrè irinṣẹ́. Ká ní fóònù títún ṣe ni. Píríọ́dù méjì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 80 nìyẹn. Bí ọmọ 40 bá wà ní kíláàsì, tí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sì jẹ́ ẹyọ kan, ìṣẹ́jú méjì ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn ló ti gbọ́dọ̀ yí mítà sí DC 20, kó fi pupa kan ojú àmì ìròpọ̀ bátìrì, kó fi dúdú kan ojú kejì, kó ka nọ́ńbà: bátìrì fóònù tó kún dáadáa máa ń wà nítòsí volt 4.2, èyí tó bá ti já wá sísàlẹ̀ 3 ti kú tàbí ó ń kú lọ. Ọmọ tí kò yí mítà náà fúnra rẹ̀ rí, á ka ìbéèrè náà bí ẹni ń ka èdè Lárúbáwá. Mítà ọmọ ilé-ìwé kò wọ́n, ní Queen Cinema níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń tà á lórí káńtà. Mítà mẹ́jọ, ọmọ márùn-ún sí ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì á di mẹ́rìndínlógún.

Ti sólà náà ní ibi tó ti ń bàjẹ́. Tíṣà tó kàn ka ìwé á yà á sójú pátákó pé pánẹ́ẹ̀lì, controller (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì), bátìrì, ọmọ á sì rò pé bí wọ́n ṣe tò ó náà ni wọ́n ṣe ń so ó. Òdìkejì ni. Bátìrì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ so mọ́ controller, nítorí pé láti ara bátìrì ni ọ̀pọ̀ controller ti ń mọ̀ bóyá volt 12 ni iná náà tàbí 24. Pánẹ́ẹ̀lì ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á kọ́kọ́ já. Ilé-ìwé tí kò ní controller kankan kò ní mọ̀ pé òun ń kọ́ ọmọ ní òdì.

Ọ̀rọ̀ yunifásítì tún ń da àwọn èèyàn láàmú, ó sì yàtọ̀ pátápátá. NERDC kọ́ ló ń sọ ohun tí wọ́n fi ń wọ UI tàbí Poli. Ìwé JAMB tí wọ́n ń pè ní IBASS, tó ń sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè, lẹ máa yẹ̀ wò, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní SS, mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó jẹ́ dandan, irú bí Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, ẹ̀kọ́ ọmọ onílùú (Citizenship and Heritage Studies) àti iṣẹ́ ọwọ́, ti gba àyè tó pọ̀ níbẹ̀, ìwọ̀nba ló kù. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ fi físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì síbẹ̀ láti SS1, kò sí àyè àṣìṣe púpọ̀. Àṣìṣe ọ̀rọ̀ Ìṣirò náà jọ èyí: ní October 2025, ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ Art lè wọ yunifásítì láìní kírédíìtì Ìṣirò, ni àwọn kan bá ń sọ fún ọmọ pé kó fi Ìṣirò sílẹ̀. Ìwọlé ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ìdánwò. Ìjọba kan náà padà ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ló ṣì máa forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò.

Bí ẹ bá ní ọmọ ní SS1 tàbí SS2, ẹ gba orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà kíláàsì, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé ti WAEC lórí ìkànnì wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè máàkì iṣẹ́ kíláàsì, èyí tí wọ́n ń pè ní CASS. Láti SS1 ni ilé-ìwé ti ń kó o jọ fún WAEC. Ọmọ tó fi Lítíréṣọ̀ sílẹ̀ ní SS2 tó lọ mú Gọ́fúmẹ́ǹtì, ẹ bi ilé-ìwé pé níbo ni máàkì SS1 rẹ̀ ní Gọ́fúmẹ́ǹtì yóò ti wá. Ẹ gba èsì yẹn kí táàmù kìíní SS2 tó parí, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò ọmọ fún WAEC lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.