Odidi Abúlé Ni Kí Òfin Dáàbò Bò

Bí ìjọba bá fẹ́ tọ́jú ohun àjogúnbá, ààfin, ilé ìjọsìn ńlá àti ilé àwọn gbajúmọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Abúlé tí kò ju ilé mélòó kan lọ kì í sí nínú ìwé wọn, torí kò sí ilé kan níbẹ̀ tí èèyàn á rí tí á lanu. A ò fara mọ́ ọn. Bí àwọn ilé ṣe kọjú síra wọn, ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn kànga kọjá, ògiri tí wọ́n fi òkúta inú oko mọ, àti ilẹ̀ gbalasa tí gbogbo ará ibẹ̀ gbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí, àwọn ló mú abúlé jẹ́ abúlé. Ẹ fẹ ọ̀nà yẹn fún ọkọ̀ akẹ́rù, kí ẹ wó ògiri yẹn. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ilé kankan, síbẹ̀ abúlé ti bàjẹ́.

Abúlé Hollókő ní ilẹ̀ Hungary jóná lọ́dún 1909. Àwọn ará ibẹ̀ tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì di 1987, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti 1967 pé kí wọ́n ya odidi àdúgbò sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú, kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan nìkan.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan ò tó. Ní Ogimachi, ní Shirakawa ilẹ̀ Japan, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1971, wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí ohun ìní abúlé wọn: a ò ní tà á, a ò ní fi í háyà, a ò ní bà á jẹ́. Ó tó 1995 kí UNESCO tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Òrùlé ṣóńṣó ni ilé wọn ní, koríko ni wọ́n fi ń bò ó, kí yìnyín má baà dúró lé e. Bí àsìkò bá tó láti pààrọ̀ koríko náà, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ ara wọn. Èrò á gun òrùlé kan ṣoṣo, wọ́n á tò lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa na ìdì koríko sókè, àwọn tókè á máa fi okùn dì í.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti kó lọ sí ìgboro tán, ta ni yóò gun òrùlé? Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé omi, iná àti ilé ẹ̀kọ́ wà lára ìtọ́jú abúlé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó fọwọ́ sí ilé tàbí ọ̀nà tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ rìn yí abúlé ká, kí wọ́n kọ ohun tí wọn ò fẹ́ pàdánù sílẹ̀, kí ìwé náà sì lágbára lábẹ́ òfin. Owó àtúnṣe ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tó ń sun inú ilé náà lójoojúmọ́ ni kó máa dé, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó rà á sílẹ̀ fún fàájì òpin ọ̀sẹ̀.