Kì í ṣe mọ́tọ̀ ńlá ló ń gun òkè

Tí àsìkò ìdíje bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi mí: “Àǹtí, mọ́tọ̀ wo ló lágbára jù, ká lọ rà á fún ọmọ yìí?” Àwọn ọmọ náà ti gbà á bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ LEGO, ìyẹn ike ìṣeré tí à ń tò pọ̀, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje ò bá lè gun pákó tí a gbé orí rẹ̀ sókè, wọ́n á ní mọ́tọ̀ kan ò tó, ká fi òmíràn kún un. Tí òmíràn bá dé tí ọkọ̀ náà ò kúrò lójú kan, wọ́n á ní mọ́tọ̀ tiwọn ló kéré, pé ńlá ni àwọn tó ń borí ń lò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe adájọ́ pàápàá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà láàárín mọ́tọ̀ àti táyà ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ á gun òkè tàbí kò ní gùn ún. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí owó gidi ni ìgbàgbọ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹbí tí kò ní in. Èyí tó sì dùn mí jù ni àwọn ọmọ ọlọ́wọ́ pípé tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọjọ́ tí bàbá wọn sọ pé òun ò lówó mọ́tọ̀ ńlá.

Kí n kọ́kọ́ là á: mọ́tọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó máa ń yí tí iná bá wọ inú rẹ̀ ni, irú èyí tó wà nínú fáànù. Gíà náà kì í ṣe irin tí awakọ̀ ń fà. Àgbá oníke eléyín ni, tí eyín ọ̀kan máa ń wọ inú eyín èkejì, tí ọ̀kan bá yí, èkejì á yí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa mọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún ìrẹsì fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá n’Ìbàdàn. Kí ni awakọ̀ máa ń ṣe? Kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ́ńjìnnì kún ẹ́ńjìnnì. Á já gíà wálẹ̀ sí kínní. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà á máa yí jẹ́jẹ́, ọkọ̀ á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà yìí, tó bá wà ní gíà kẹrin, á gbọ̀n rìrì, á sì kú sójú ọ̀nà. Agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ò yí padà. Ọ̀nà tí agbára náà gbà dé ẹsẹ̀ táyà ló yí padà.

Bí ti LEGO náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn gíà tó pọ̀ lọ́wọ́ wa jẹ́ eléyín 8, eléyín 16, eléyín 24 àti eléyín 40. Tí eléyín 8 bá ń yí eléyín 24, kékeré á yí nígbà 3 kí ńlá tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ìyára á wálẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta, ipá á sì di ìlọ́po 3, àfi ìwọ̀nba tí ike tó ń fara kan ike bá jẹ níbẹ̀. Tí eléyín 8 bá ń yí eléyín 40, ìlọ́po 5 ni. Tí ẹ bá wá yí i sódì, tí ńlá ń yí kékeré, ìyára ló máa pọ̀, ipá á sì fò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi mọ́tọ̀ méjì wéra. Nínú ẹ̀yà Power Functions, ìyẹn àwọn mọ́tọ̀ àti àpótí bátìrì tí LEGO gbé jáde ní 2007, tó ṣì pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní M wà, èyí tí wọ́n ń pè ní XL sì wà. Tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, tí bátìrì sì kún, M máa ń yí nígbà bí 400 láàárín ìṣẹ́jú kan, XL ní tirẹ̀ máa ń yí nígbà bí 220. Àmọ́ XL ló nípá. Tí ẹ bá fi ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sẹ́nu rẹ̀, tí ẹ sì ń so ẹrù mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, á tó nǹkan bíi kílò 4 kó tó dúró pátá. M á ti dúró ní kílò 1 àti díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá XL kiri.

Ẹ wá fi gíà eléyín 8 sẹ́nu M kékeré yẹn, kí ẹ jẹ́ kó máa yí eléyín 40. Kílò 1 àti díẹ̀ lọ́nà 5 ti kọjá kílò 5. Kódà bí ike bá jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, M tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín ti ń gbé ẹrù tó XL. Nǹkan bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan ni yóò máa yí báyìí, òótọ́ ni, kò ní sáré. Ṣùgbọ́n ta ló ń sáré gun òkè?

Ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́dún kan, ọmọ ọdún 12, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sínú páálí bàtà. XL méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ìyá rẹ̀ ti fi owó èsúsú rà á. Ó gbé e sórí pákó, ó tan án. Mo gbọ́ “ká! ká! ká!”, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó wà lára àpótí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọkọ̀ náà mì tìtì, ó dúró. Ojú ọmọ náà ṣú ju ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ká wá ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni?”

Mo dojú ọkọ̀ náà délẹ̀. Gíà eléyín 24 ló wà lẹ́nu mọ́tọ̀, eléyín 8 ló wà lára ọ̀pá tó gbé táyà. Ọkọ̀ eré sísá ni wọ́n wò kọ́ ọ, wọ́n sì fẹ́ kó gun òkè. Ńṣe ló dà bíi pé awakọ̀ akẹ́rù wa fi gíà tó yá jù dojú kọ Mọ́kọ́lá. XL tó bá há mọ́lẹ̀ tí kò lè yí mọ́ máa ń fa iná tó sún mọ́ ámípù 2. Méjì wọn pọ̀ á sún mọ́ 4. Bátìrì AA mẹ́fà kò lè pèsè irú iná bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé fóltéèjì rẹ̀, ìyẹn ipá tó ń ti iná, já wálẹ̀, bó bá sì ti já wálẹ̀, mọ́tọ̀ méjèèjì á jọ rọ. Mọ́tọ̀ kejì yẹn kò gbé ẹrù kankan. Oúnjẹ ìkíní ló ń bá a jẹ.

Mo ní kó yọ mọ́tọ̀ kan kúrò. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. A yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, a kàn pa ipò gíà dà: eléyín 8 lọ sẹ́nu mọ́tọ̀, eléyín 24 bọ́ sára ọ̀pá táyà. A ò ní láti tú férémù, ìyẹn egungun ọkọ̀ náà tó ní ihò lára, rárá, torí pé àlàfo ihò méjì, ìyẹn mìlímítà 16, ni gíà méjèèjì ń gbà, èyíkéyìí tó wù kó wà níwájú.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ipá mọ́tọ̀ ló ń dé ẹsẹ̀ táyà. Nísinsìnyí, ìlọ́po 3 ló ń dé ibẹ̀. Láti ìdá kan nínú mẹ́ta bọ́ sí ìlọ́po 3, ìlọ́po 9 nìyẹn. Èrè tó ga jù tí mọ́tọ̀ kejì lè mú wá, bí bátìrì bá tilẹ̀ lè bọ́ ọ, ni ìlọ́po 2. Gíà méjì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fún wa ní 9, kọ́bọ̀ kan ò sì jáde lápò ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ náà gbéra. Ó gòkè díẹ̀, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ “ká! ká! ká!” rẹ̀.

Ohùn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Eyín gíà ló ń fo orí ara wọn. Ipá tó ń gba àárín gíà méjì kọjá máa ń fẹ́ tì wọ́n kúrò lára ara wọn. Tó bá jẹ́ pé bíìmù kan ṣoṣo, ìyẹn igi ike oníhò, ló di ọ̀pá wọn mú, tí pín-ìnnì kan ṣoṣo, ìyẹn èèkàn ike kékeré tó ń wọ inú ihò, sì di bíìmù yẹn mú, á yà díẹ̀. Bí irun orí ni àlàfo yẹn ṣe máa ń rí, ojú ò tètè rí i, ṣùgbọ́n ó tó kí eyín bọ́. Tí ẹ bá wá gbé mọ́tọ̀ ńlá sí irú férémù bẹ́ẹ̀, á tún tì í sẹ́yìn sí i ni. Bíìmù kékeré méjì la fi dábùú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, a sì fi pín-ìnnì méjì méjì kàn wọ́n. Ariwo náà dákẹ́.

Nǹkan mìíràn wà tí mo máa ń ní kí gbogbo ọmọ ṣe kí wọ́n tó dá mọ́tọ̀ lẹ́bi. Ẹ yọ mọ́tọ̀ kúrò, kí ẹ fi ìka méjì yí ọ̀pá tó ń wọ ẹnu rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tó bá le lọ́wọ́, mọ́tọ̀ ti ń jà kí ọkọ̀ tó rí òkè sójú. Ìdí tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ti fi róòlù kékeré tó ń di ọ̀pá mú há a mọ́ bíìmù pinpin. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, kó tó kí bébà wọ àárín. Ẹ tún wo àwọ̀ pín-ìnnì. Dúdú máa ń di nǹkan mú gírígírí, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ní àwọ̀ eérú ló máa ń jẹ́ kí nǹkan yí. Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé pín-ìnnì dúdú ni wọ́n fi sí gbogbo oríkèé tó yẹ kó máa yí, tí wọ́n sì ń sọ pé mọ́tọ̀ ò dáa.

Táyà náà ń kó sí i. Àwọn ọmọ fẹ́ràn táyà ńlá, mo mọ̀, ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ ní ọlá lójú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ táyà tó ga ní mìlímítà 62.4 tí ẹ sì fi èyí tó ga ní 94.8 rọ́pò rẹ̀, ó ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ìtì ọkọ̀ yín tó lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fọwọ́ kan mọ́tọ̀.

Àwọn àgbà tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù LEGO díje lórí òkúta àti gbòǹgbò igi ní Poland mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gíà tó ń dín ìyára kù sí ìdí táyà gan-an. Ìdí ni pé ọ̀pá oníke máa ń lọ́ bí okùn tí ipá bá pọ̀ lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìdí táyà ni ipá ti ń di púpọ̀, ohun tó ń gba ara ọ̀pá gígùn kọjá láti ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ á kéré.

Ẹnìkan á ní, “Àmọ́ àwọn tó borí lọ́dún tó kọjá, mọ́tọ̀ mẹ́rin ni wọ́n lò.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ní FIRST LEGO League, ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì LEGO fún àwọn ọmọ, òfin kò gbà ju mọ́tọ̀ mẹ́rin lọ lórí pápá, fún ẹni tó borí àti fún ẹni tó gbé ipò ìkẹyìn. Tí mọ́tọ̀ bá jẹ́ àṣírí, báwo ni àwọn tó ń lo mẹ́rin kan náà ṣe ń jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀? Ẹ tún wo Great Ball Contraption, níbi tí ẹ̀rọ ẹnìkan ti ń gba bọ́ọ̀lù kékeré, tó sì ń gbé e fún ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè gba bọ́ọ̀lù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ̀rọ bá yára jù ú lọ, kò sí bọ́ọ̀lù tí yóò gbé. Kí ó máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì há ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Mi ò sọ pé mọ́tọ̀ ńlá kò wúlò. Nínú ìdíje eré sísá, tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá wúwo tó sì tún gbọ́dọ̀ yá, gíà nìkan ò lè ṣe é, torí ohun tó bá fi kún ipá, inú ìyára ló ti yọ ọ́. Nígbà náà, ẹ lọ ra mọ́tọ̀. Ẹ kàn má ṣe so M àti XL mọ́ ọ̀pá kan náà láìsí gíà láàárín, torí ìyára wọn ò dọ́gba, ọ̀kan á máa fa èkejì sẹ́yìn.

Nígbà tí LEGO bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà Technic, èyí tó ní gíà àti ọ̀pá, ní 1977, ọkọ̀ ńlá tó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà 853, ní gíà fún yíyí orí táyà, ó ní pístọ́ọ̀nù tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò ní mọ́tọ̀ kankan. Ọwọ́ ni ọmọ fi ń yí i, tó fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń yí nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin yẹn padà wá, ó gbé agolo mílíìkì kan sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ìwé mẹ́ta la kọ́kọ́ fi gbé orí pákó sókè, ó gùn ún. A fi ìkẹrin sí i, ó gùn ún. Ní ìkeje ni táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, mọ́tọ̀ ṣì ń yí. Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, pákó ló ń yọ̀, kì í ṣe ọkọ̀.” XL kejì tí a yọ ṣì wà nínú páálí bàtà. Ó yá ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí kò ní mọ́tọ̀ rárá, ìyẹn sì fi ṣe kíréènì.