Ẹ yọ wáyà iná kẹ́ ẹ tó rà á

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń tajà ní Sábó àti káàkiri Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Tí mo bá bi yín pé kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mú ètò kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń kọ ọjà sílẹ̀, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Kò ni wá lára rárá, a kàn tẹ̀ ẹ́ ni, ó ti wọlé." Ṣé ìyẹn tó? Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa fi í sórí kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ lẹ máa fi ṣiṣẹ́.

Ẹ wo MongoDB tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ sí. Kíá ló ń wọlé. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà kan, bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, kì í béèrè password, ó sì lè máa dá ẹnikẹ́ni tó bá kàn án láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lóhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn ya wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n ní kí oníǹkan wá fi Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ra ẹrù rẹ̀ padà. Ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀dà 3.6 ti MongoDB jáde, èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn, àfi tí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé èyí tó bá le láti fi sórí kọ̀ǹpútà ló dára o. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà wa fẹ́ràn àtimáa fi ìyẹn yangàn, irọ́ sì ni. SQLite tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ sí lòun náà, inú áàpù ló ń gbé, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wọlé. Ó wà nínú fóònù Android yín báyìí. Síbẹ̀, kó tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ kankan, ó máa ń kọ́kọ́ da èyí tó wà níbẹ̀ kọ sí fáìlì mìíràn. Tí iná bá lọ lójijì, tó bá tún ṣí, á dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ iná yìí gan-an ló ká mi lára. Wọ́n lè mú un nígbà tí oníbàárà ń ka owó lọ́wọ́, kí ọmọ tó sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan tí iná dé padà, tí ètò ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà àárọ̀ ọjọ́ náà ti pòórá. Ìyá tó ni ín mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń ka páálí mílíìkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sàmì sí i lára. Ètò yẹn náà kò ni wọ́n lára láti fi síbẹ̀.

Torí náà, tí ẹnì kan bá gbé ètò wá tà fún yín, ẹ ní kó lo kọ̀ǹpútà tiẹ̀, èyí tí kò ní bátìrì. Ẹ ní kó ta ọjà mẹ́ta sínú rẹ̀ lójú yín. Bó bá ń tẹ ìkẹrin lọ́wọ́, ẹ fa wáyà iná yọ. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá tún ṣí, ẹ wá bi í ní iye tó fẹ́ gbà.