Ìyá tó ń ki oríkì, tó ṣìnà ilé: ta ló rà á níyè?

Ní Tákìé, nílùú Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, ìyá kan ládùúgbò wa nawọ́ sí ọlọ́kadà. "Gbé mi lọ sílé." "Ilé wo, Mámà?" Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí nǹkan kan sọ. Ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ! Bẹ́ẹ̀ ọlọ́kadà dárúkọ agboolé tiẹ̀ tán, Ìyá sì ki oríkì rẹ̀ débi pé orí rẹ̀ wú.

Ọ̀rọ̀ tó délé kò ju ẹyọ kan: wọ́n ti rà á níyè. Ẹni tó ń ṣarán, ṣé ó lè ki oríkì báyẹn? Ni owó bá ń lọ sílé babaláwo, ó ń lọ sórí òkè. (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o.)

Ó lè ki oríkì, kó sì ṣìnà. Ojú kan ṣoṣo kọ́ ni ọpọlọ ń kó gbogbo ìrántí sí. Lọ́dún 1971, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John O'Keefe rí sẹ́ẹ̀lì kan nínú hippocampus eku, ìyẹn apá kan nínú ọpọlọ: tí eku bá dé igun kan, sẹ́ẹ̀lì yẹn á ta kìjí, tó bá dé igun mìíràn, òmíràn á ta. Ní 2005, May-Britt Moser àti Edvard Moser pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí irú mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní entorhinal cortex, tó ń bá ẹsẹ̀ ka ìrìn bí ẹni ń fi okùn wọn ilẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Àgbègbè yẹn gan-an wà lára ibi tí àrùn Alzheimer, tó ń jẹ ìrántí àgbà, kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Protein tó ń jẹ́ tau á ta kókó nínú sẹ́ẹ̀lì bí òwú tó lọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì kú. Nígbà tí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì entorhinal cortex àwọn olóògbé tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ìpele kan wà níbẹ̀ tó ti pàdánù ju ìdajì lọ. Oríkì tí Ìyá gbọ́ láti kékeré ti fìdí múlẹ̀ níbòmíràn, níbi tí àrùn ń pẹ́ kó tó dé.

Àrùn òyìnbó kọ́ o. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ṣèwádìí láàárín àwọn àgbà Yorùbá, wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì 2001 fi hàn pé tiwa kéré sí tiwọn, àmọ́ ó wà.

Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Àìtó fítámì B12, thyroid (ẹ̀yà ara kan níwájú ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn tí wọ́n ń lò, gbogbo rẹ̀ lè da àgbà láàmú bẹ́ẹ̀, èyí sì ṣeé tọ́jú. Alzheimer ò tíì ní ìwòsàn.

Ní ti Ìyá, ọmọ rẹ̀ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ etí ìborùn rẹ̀. Ọlọ́kadà tó bá kà á, á gba oríkì kó tó pè.