Asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń fèsì

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé “áàpù ti wà fún un”, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ìyá ìjà. Mo ti kìlọ̀ o.

Àbúrò mi kan ló fà á. Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ òfin tí wọ́n gbé síwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, pé gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní rédíò AM. Ẹ̀yin tá a jọ ń bá a bọ̀ mọ ìtàn náà. Tesla yọ AM kúrò nínú ọkọ̀ wọn, BMW yọ ọ́ nínú àwọn tó ń fi iná mànàmáná rìn, Ford náà láwọn fẹ́ yọ ọ́, àfìgbà táwọn èèyàn figbe ta lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n fi yí ohùn padà. Àwíjàre wọn ni pé ẹ́ńjìnnì oníná máa ń da ariwo sórí AM. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń pariwo la máa ń ní kó dákẹ́, a kì í gé etí ẹni tó ń gbọ́.

Bí àbúrò mi ṣe yọjú wo ohun tí mò ń kà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi AM ṣe? Gbogbo rédíò ayé ló wà lórí áàpù. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, ó ti dé nìyẹn.”

Ó ti dé nìyẹn! Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Ẹni tó ra ẹran lọ́jà ò lè máa ki ara ẹ̀ lọ́dẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. FM kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tójú lè rí dé. Ti AM yàtọ̀, pàápàá lóru. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń ta ìpele kan sójú òfurufú tó ń mu ìgbì AM bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ìpele yẹn á túká, ìgbì á rọ́nà gòkè, á lọ kọlu ìpele míì tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 100 sókè, á ta padà sílẹ̀ níbi tẹ́nikẹ́ni ò rán an dé. Appleton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló fẹ̀rí ẹ̀ hàn lọ́dún 1924, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1947. Àwa tá à ń ṣe DX, ìyẹn àwa tá à ń wá ìkànnì ọ̀nà jíjìn lórí rédíò, ohun tá a fi ń ṣe òwìwí nìyẹn. A ò wá orin, a ò wá ìròyìn, èdè tí wọ́n ń sọ gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà a kì í gbọ́ ọ. Orúkọ ìkànnì là ń wá, àti ibi tó ti ń sọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó dára. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìkànnì ọ̀nà jíjìn, tẹ́ ẹ kọ ọjọ́, aago àti ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á fi káàdì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní QSL dá yín lóhùn: òótọ́ ni, àwa lẹ gbọ́. 21 ni mo ní nínú páálí bàtà. Áàpù wo ló ń fèsì báyẹn?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àbúrò mi wọ̀ mí lára jù ni mò ń bọ̀ wá sọ yìí.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago lu méjìlá òru. Mo wà lápá òkè nọ́ńbà AM, ó lé díẹ̀ ní 1,400 kHz (kHz ni wọ́n fi ń ka ibi tí ìkànnì wà lórí rédíò), ni ohùn obìnrin kan bá yọ. Ó ń bọ̀, ó ń lọ, àfi bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ tí wọ́n tún ń tì í. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà. Mo rọra yí rédíò sápá òsì (ọ̀pá dúdú kan wà nínú ẹ̀ tó mọ ibi tí ìgbì ti ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá yí i, ìkànnì kan á rẹlẹ̀, òmíì á dìde), ohùn náà bá dúró sójú kan. Ìkànnì sábà máa ń dárúkọ ara wọn tí aago bá lù. Mo mú bírò. Mo mú fóònù pé kí n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, fóònù ní bátìrì òun ti ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mo yára ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà dákẹ́. Píì. Píì. Píì. Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bí ẹní ń fi ayùn rẹ́ páànù. Ó bo aago, ó bo orúkọ. Nígbà tí mo fi máa rí nǹkan gbọ́, orin ni wọ́n ń kọ.

Mo gbójú sókè, mo rí i pé gílóòbù LED ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lójú fèrèsé ilé kejì. Mo ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá màmá tó ni ilé náà. Mo kí wọn dáadáa, mo dọ̀bálẹ̀, mo wá ṣàlàyé bí gílóòbù wọn ṣe ń ba ayé mi jẹ́. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kò burú, ọmọ mi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni màmá yìí fi ń rìn nínú òkùnkùn lóru nítorí mi, ariwo náà ò sì lọ. Mo tún ti ń fura sí ilé kẹta.

Ìgbẹ̀yìn ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Bátìrì ni rédíò mi ń lò. Mo pa iná gbogbo ilé mi látibi mítà. Wẹ́lo! AM tutù bí omi àmù. Mo wá ń tan nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fíríìjì ò ṣe nǹkan kan, gílóòbù ò ṣe nǹkan kan, títí mo fi dé orí ṣájà olówó pọ́ọ́kú tí mo ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́ kí n lè gba ohùn obìnrin yẹn sílẹ̀.

Mo padà lọ bẹ màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣé kí n wá máa tan iná mi?”

Nítorí náà, tí mo bá ń bú Ford, ẹnu mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́. Jámánì pa àwọn ìkànnì Deutschlandfunk, iléeṣẹ́ rédíò wọn, tó kù lórí AM ní ìparí ọdún 2015. Ireland pa ìkànnì wọn tó wà lórí 252 kHz lọ́dún 2023. Ti Faransé ló pa mí lẹ́rìn-ín ẹ̀kún: látìparí ọdún 2016 ni ohùn ti kúrò lórí 162 kHz, àmọ́ òpó náà ṣì ń ṣiṣẹ́, àmì aago ló ń fọ́n sójú ọ̀run, kò sọ̀rọ̀, kò kọrin. Wọ́n ní iná tí àwọn òpó yìí ń jẹ ti pọ̀ jù, olùgbọ́ ò sì tó nǹkan mọ́. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ta ló ka èmi mọ́ ọn? Àmọ́ olùgbọ́ wo ló fẹ́ dúró ti ayùn àti páànù?

Látìgbà tí mo ti sọ ṣájà yẹn nù, alaalẹ́ ni mò ń padà síbi tí mo ti gbọ́ obìnrin yẹn lórí rédíò. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, ó dáa gan-an, kò sì sẹ́nikẹ́ni. Ẹ má sọ fún àbúrò mi o, mo tiẹ̀ ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí rédíò tí yunifásítì Twente gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Netherlands látọdún 2008, èyí tí ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé kó máa yí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tẹ̀ ẹ́. N kò rí obìnrin náà níbẹ̀.

Bóyá ojú ọ̀run ò tíì ṣí sí apá ibẹ̀. Bóyá wọ́n ti pa ìkànnì náà, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí mò ń bá gílóòbù onígílóòbù jà yẹn ni wọ́n pa á. Mo ti kọ ọjọ́, mo ti kọ aago, mo kọ “obìnrin, agogo, orin” sínú ìwé. Àyè orúkọ ló ṣì ṣófo.