Ẹ yéé fi àwòrán atannijẹ dẹ́rù bà wá

Ó ti sú mi. Ó sú mi pátápátá. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnì kan má fi àwòrán yẹn ránṣẹ́: àwọn nǹkan róbótó aláwọ̀ mèremère tó dà bíi pé wọ́n ń yí, tí wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọpọlọ kan ní Japan, Yamamoto, ló ṣe é. Wọ́n ní bí àwòrán náà bá dúró jẹ́ẹ́, ara rẹ le, o sì sùn dáadáa. Bó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ti rẹ̀ ọ́. Bó bá ń yí láìdúró, wàhálà ti wọ ọpọlọ rẹ lára, tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Irọ́ ni! Yurii Perepadia, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Ukraine, ló fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán yẹn lọ́dún 2016. Òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ pé iṣẹ́ òun ni, àti pé kò sí Yamamoto kankan tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọgbọ́n tó dá sí i, ọ̀dọ̀ Akiyoshi Kitaoka ló ti rí i, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan tó ya àwòrán tí wọ́n ń pè ní “ejò tó ń yí” lọ́dún 2003. Ilà funfun àti ilà dúdú ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àwọ̀ míì. Ojú èèyàn kì í sì í dúró sójú kan, kódà nígbà tí o bá rò pé o tẹjú mọ́ nǹkan, ẹyin ojú rẹ ṣì ń mira díẹ̀díẹ̀. Ibi tí dúdú àti funfun yẹn ti pàdé ló ń ṣi apá ọpọlọ tó ń ṣọ́ ohun tó ń rìn lọ́nà. Ó tán!

Ẹ tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo lára àwòrán náà, kí ẹ má yẹjú rárá. Á rọra máa dúró. Ẹ wá gbójú kúrò níbẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣé ìdààmú ọkàn ló jáde lára yín tó sì tún padà wọlé láàárín ìgbà yẹn ni? Àwọn tó ń fi nǹkan yìí ránṣẹ́ kò ronú débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí àníyàn ẹ̀jẹ̀ ríru ti tó fún tẹ́lẹ̀, kò sùn lóru nítorí pé àwòrán náà ń yí lójú rẹ̀. Ó ń yí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn! Torí kó lè yí ni wọ́n ṣe yà á!

Ti àwòrán obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ kan yí pòyì náà tún wà níbẹ̀, èyí tí Nobuyuki Kayahara, ayàwòrán ará Japan, fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́dún 2003. Wọ́n ní ẹni tó bá rí i pé ó ń yí sápá ọ̀tún, apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń lò, ẹni tó bá rí i sápá òsì, apá òsì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Òjìji lásán ni obìnrin yẹn. Kò ní ojú, kò ní imú, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan lára rẹ̀ tó máa jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó kọjú sí wa ni àbí ó kẹ̀yìn sí wa. Àwòrán náà kò sọ ibi tó ń yí sí, ọ̀nà méjèèjì ló bá a mu, ọpọlọ á kàn mú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1832 ni Louis Albert Necker, ará Switzerland, ti ṣàkíyèsí pé àwòrán òkúta kírísítálì tí òun ń wò ń ṣàdédé yí padà, tí ẹ̀yìn ń di iwájú, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí ẹ̀ sọ fún un pé òsì ni ọpọlọ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi ń ka ìwà èèyàn ńkọ́? Ọmọge àti ìyá arúgbó nínú àwòrán kan náà: etí ọmọge ni ojú ìyá arúgbó, àgbọ̀n ọmọge ni imú rẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn ni ẹnu. Káàdì kan ní Jámánì ti gbé e jáde lọ́dún 1888, ayàwòrán kan, W. E. Hill, sì tẹ tiẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1915. Ẹ̀fẹ̀! Wọ́n ti wá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń pe èèyàn ní ọ̀dàlẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé iṣẹ́ àràmàǹdà ni àwọn àwòrán wọ̀nyí tí wọn ò bá fi irọ́ bà á jẹ́. Ẹ wo èyí tí Edward Adelson, onímọ̀ nípa bí ojú ṣe ń ríran, ṣe lọ́dún 1995: pátákó tí wọ́n pín sí igun mẹ́rin kéékèèké, dúdú kan, funfun kan, tí wọ́n kọ A sára ọ̀kan, B sára òmíràn, pẹ̀lú òpó kan tí òjìji rẹ̀ ṣubú lé apá kan. Èyí tí wọ́n kọ A sí wà níta òjìji, ó dúdú. Èyí tí wọ́n kọ B sí wà nínú òjìji, ó mọ́lẹ̀. Ẹ dá ihò méjì sára bébà, kí ẹ fi bo gbogbo rẹ̀ tó fi jẹ́ pé A àti B nìkan ló yọjú. Àwọ̀ eérú kan náà ni! Ẹ ká bébà kúrò, wọ́n tún yàtọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ojú mi kò gbà. Kì í sì í ṣe àìsàn. Ọpọlọ ń yọ òjìji kúrò kó lè mọ àwọ̀ nǹkan gan-an, òun náà ni kì í jẹ́ kí aṣọ funfun di dúdú lójú wa tá a bá wọ abẹ́ igi. Ìyẹn ló yẹ kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ káàkiri, dípò “ọlọ́gbọ́n nìkan ló lè rí i”.

Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á ní eré ni, pé kí n má le mọ́ nǹkan. Ó dáa. Tó bá jẹ́ eré ni, ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á, kí ẹ sì pa àyẹ̀wò ọpọlọ tí dókítà kankan kò ṣe rẹ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀.