Pọ̀nmọ́ náà ló wà nínú agolo yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Àmọ́ ìmọ̀ràn tí ẹ gba àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ tó fẹ́ máa gun àpáta lọ́nà Ìdànrè, pé kí wọ́n ra agolo creatine (èròjà tó ń fún iṣan lágbára) àti ti collagen (èròjà tó ń so iṣan àti egungun pọ̀) kí ìka wọn lè le, ẹ ò sọ ọ́ délẹ̀.

Creatine ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, gíráàmù 3 sí 5 lóòjọ́ ti tó. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi sínú iṣan, ara á wá wúwo díẹ̀, ìka náà ló sì máa gbé e gun òkè.

Ti collagen ló pa mí lẹ́rìn-ín. Awọ àti egungun màlúù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ìyẹn pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba! Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fún àwọn èèyàn ní gelatin (collagen tí wọ́n ti sè) gíráàmù 15 pẹ̀lú fítámì C ní wákàtí kan kí wọ́n tó fo okùn, ara wọn sì ṣe collagen sí i. Ọkùnrin 8 péré ni o, kò sì sẹ́ni tó wò ó bóyá ìka wọn le.

Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Ẹni kílò 60 tó ń ṣeré ìdárayá gidi nílò purotéènì gíráàmù 84 sí 120 lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ̀wà, ẹja àti mọ́ínmọ́ín á gbé ìyókù. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ torí kó lè fúyẹ́, egungun ẹ̀ ló ń bà jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń ta agolo yẹn ná?